Ẹ Fi Ọmọ Ajá Tó Ń Bẹ̀rù Sílẹ̀ Kó Wá Fúnra Ẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ ajá ni mo fẹ́ bá yín sọ, mi ò sọ ti aláriwo tó máa ń fò mọ́ gbogbo èèyàn o, ti èyí tí wọ́n á gbé délé báyìí tó máa wọ abẹ́ àga lọ tààrà, tó máa ká ìrù bọ abẹ́, tí ò ní jẹun, tí ò sì ní fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Ìmọ̀ràn táwọn èèyàn máa ń fún ẹni tó bá ní irú ọmọ ajá bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Àwọn kan á ní kó fà á jáde níbẹ̀, kó gbé e lọ sáàárín èrò, kí gbogbo ará ilé máa gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ara ẹ̀ máa mọlé nígbà tó bá yá. Àwọn tó kù á ní kó má da ara ẹ̀ láàmú, tó bá dàgbà ẹ̀rù á kúrò lára ẹ̀. Méjèèjì ò da, ṣùgbọ́n èkejì yẹn ló ń bí mi nínú jù, torí pé ó dùn-ún gbọ́ létí, ó dà bí ọ̀rọ̀ àgbà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ lò ló ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìgbà yẹn ná. Ọmọ ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ò ríran, kò sì gbọ́ràn. Ojú ẹ̀ máa ń là láàárín bí ọjọ́ 10 sí 14, etí ẹ̀ á ṣí tẹ̀ lé e. Láti bí ọ̀sẹ̀ 3 títí dé bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 14, ọpọlọ ẹ̀ ṣí sílẹ̀ gan-an fún ohun tuntun, ohunkóhun tó bá rí nígbà yẹn tí ò sì ṣe é ní nǹkan kan, ó máa gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Èyí tí ò bá rí nígbà yẹn, tó bá wá rí i lẹ́yìn ọ̀la, á kọ́kọ́ máa fura sí i. Kì í ṣe pé mo ń rò ó lórí o. Lọ́dún 1961, Freedman, King àti Elliot gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń pè ní Science. Inú pápá tí wọ́n ṣọgbà yí ká ni wọ́n ti tọ́ àwọn ọmọ ajá náà, kò séèyàn tó ń bá wọn ṣeré, wọ́n wá ń mú àwọn kan jáde fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n fi wà lọ́dọ̀ èèyàn, àwọn kan nígbà tí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ 2, àwọn míì ọ̀sẹ̀ 3, tàbí 5, tàbí 7, tàbí 9. Àwọn tí wọn ò mú jáde rárá títí dé ọ̀sẹ̀ 14, bí ẹranko igbó ni wọ́n ṣe ń sá féèyàn, àtitún un ṣe sì wá di ogun. Scott àti Fuller tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ìwà ajá ní Jackson Laboratory, ní Bar Harbor lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, sọ̀rọ̀ tó jọ èyí nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1965.

Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ajá ló jẹ́ pé bí ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n máa ń kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn. Tá a bá yọ 8 nínú 12 tàbí 14, kí ló kù? Oṣù kan tàbí kó fi díẹ̀ lé. Ohun tó tún wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé láàárín bí ọ̀sẹ̀ 8 sí 10 yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń wọ ìgbà kan tí ẹ̀rù máa ń tètè bà wọ́n, tí nǹkan kan bá dẹ́rù bà á gidi nígbà yẹn, ó lè má gbàgbé ẹ̀ bọ̀rọ̀. Nítorí náà ẹ ò ráyè fi falẹ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fipá ṣe é, ẹ ṣáà máa ṣe díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́, ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tá a bá fagbára mú ló ń le koko.

Kí ló dé tí mo fi ń pariwo pé kẹ́ ẹ má fipá gbé e? Ajá tẹ́rù bá, ohun tó lè ṣe ò pọ̀: ó lè sá, ó lè dúró gbagidi, ó sì lè bá yín jà. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e sọ́wọ́, ẹ ti gba sísá lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ajá kékeré kì í sábà jà, nítorí náà ńṣe ló máa le gbagidi lọ́wọ́ yín, kò ní mira, kò ní ké, ibẹ̀ lẹ máa ti gbọ́ tí wọ́n á máa sọ pé "ẹ ò rí i, ó ti ń mọ́ra, ó ti ń gbádùn ẹ̀." Kò gbádùn nǹkan kan jàre! Ẹ wo ojú ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí i pé funfun ojú ẹ̀ ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbójú sápá kan, ó ń fi ahọ́n lá imú ẹ̀ lemọ́lemọ́, ó ń yán bẹ́ẹ̀ oorun ò kùn ún, etí ẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí. Nígbà míì ó máa gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e sílẹ̀, á gbọn ara ẹ̀ jìgìjìgì bí ẹni pé omi wà lára ẹ̀. Gbogbo ìyẹn, "ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láyè" ló ń sọ, èdè tó gbọ́ nìyẹn, àwa la ò gbọ́. Ìgbà tó bá ti sọ ọ́ títí tẹ́nì kankan ò dáhùn ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, àwọn èèyàn á wá gbá a létí pé ó ń kùn sí olówó ẹ̀, ohun tíyẹn máa kọ́ ọ kò ju pé kíkùn léwu, ẹ̀rù yẹn ṣì wà níbẹ̀ digbí. Lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á ní ajá náà ṣàdédé gé èèyàn jẹ. Kò ṣàdédé o, ẹ̀yin lẹ ti gba ìkìlọ̀ lẹ́nu ẹ̀.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wá ni ṣíṣe? Ohun tó dáa jù tí mo mọ̀ dà bí ohun tí ò jọ nǹkan kan lójú. Ẹ jókòó sílẹ̀. Ẹ fẹ̀gbẹ́ sí i, ẹ má kọjú sí i gbọnrangandan, ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ẹ máa ka ìwé yín tàbí kẹ́ ẹ máa tẹ fóònù yín. Ẹ mú ẹran wẹ́wẹ́ dání, èyí tó kéré bí ìka ọmọdé tàbí tó tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ máa jù ú díẹ̀díẹ̀. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ jù ú sí làwọn èèyàn kì í mọ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń fẹ́ fi ẹran yẹn tàn án wá sọ́dọ̀, wọ́n á nawọ́, wọ́n á máa pè é, ebi á fa ọmọ ajá náà wá, ẹ̀rù á ṣì wà lára ẹ̀, ó máa na ọrùn jáde, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ á wà nílẹ̀ lóhùn-ún bí ẹni tó fẹ́ sáré padà, tó bá wá jẹ ẹran yẹn tán, á gbójú sókè, á rí i pé abẹ́ ọwọ́ èèyàn lòun wà. Jìnnìjìnnì á bò ó, ọjọ́ míì kò ní sún mọ́ yín tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ jù ú sí. Tẹ́ ẹ bá jù ú sẹ́yìn ẹ̀, á yí padà lọ jẹ ẹ́ níbi tí ara ti tù ú, lẹ́yìn náà á wá wẹ̀yìn wò yín, "ẹni yìí ò lé mi, ẹran sì ń wá láti ọwọ́ ẹ̀," á wá rìn díẹ̀ síwájú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á. Òun ló yàn án, ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi ń mú un.

Tó bá wá yá tó bá sún mọ́ yín débi tó fi ń gbóòórùn yín, ẹ má ki ọwọ́ mọ́ ọn lórí o. Ẹ̀dá èèyàn fẹ́ràn kó máa gbọ́wọ́ lé nǹkan lórí, mi ò mọ ẹni tó kọ́ wa, ṣùgbọ́n lójú ọmọ ajá kékeré ohun ńlá kan ló ń já bọ̀ látòkè yẹn. Ẹ fọwọ́ ra á lábẹ́ àgbọ̀n tàbí láyà, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró. Tó bá fara tì yín padà, ó fẹ́ sí i, ẹ máa bá a lọ. Tó bá kúrò níbẹ̀, ó ti tó nìyẹn, ẹ má bínú sí i, ẹ má tẹ̀ lé e.

Àlejò ni wàhálà, ó dájú. Ó máa ń ní ẹnì kan láwùjọ tó máa sọ pé gbogbo ajá ló fẹ́ràn òun, kò sí ajá tó ń sá fún òun, á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ti na apá méjèèjì, á ti ń ṣe ẹnu wíwù-wíwù. Ẹni yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fáwọn àlejò kò gùn: ẹ má wò ó, ẹ má pè é, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ ṣe bí ẹni pé kò sí ajá nínú ilé. Àwọn míì máa ń bínú, wọ́n á ní ṣé àwọn dọ̀tí ni, mo fara mọ́ kí wọ́n bínú. Àlejò tó ṣe bí ẹni pé kò rí ajá ni ọmọ ajá tó ń bẹ̀rù máa ń kọ́kọ́ lọ bá, ẹ dán an wò.

Ẹ fún un ní ibì kan nínú ilé tó jẹ́ tiẹ̀, ì báà ṣe páálí tẹ́ ẹ tẹ́ aṣọ sí tàbí abẹ́ tábìlì tẹ́ ẹ ta aṣọ bò, tó bá ti wọ ibẹ̀ kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fà á jáde, ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọdé dáadáa lórí èyí ju gbogbo ohun tó kù lọ. Oorun ọmọ ajá lè tó wákàtí 18 sí 20 láàárín ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ má rò pé àìsàn ni, ẹ má sì jí i kẹ́ ẹ lè fi hàn ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín.

Ní ti ariwo, ohun tó máa kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Kí ariwo náà kọ́kọ́ dún, kí ẹran tẹ̀ lé e kíákíá, kó má ṣe jẹ́ pé ẹran ló máa ṣáájú, torí pé tí ẹran bá ń ṣáájú, ẹran yẹn fúnra ẹ̀ ló máa di àmì pé nǹkan burúkú ń bọ̀. Iṣẹ́ Pavlov tí wọ́n ń sọ níléèwé yẹn náà ni, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó rí i pé ohun tó bá ń ṣáájú oúnjẹ máa ń di àmì lójú ajá pé oúnjẹ ń bọ̀. Ẹ lè wá ohùn ààrá tàbí ti mọ́tò tàbí ti ọmọ tó ń sunkún lórí fóònù, kẹ́ ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ débi tó jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an máa tẹ́tí kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ, etí ajá mú ju tiwa lọ. Tó bá gbọ́ ọ tó kàn gbójú sókè tó sì ń bá ẹran ẹ̀ lọ, ó dáa. Tó bá kọ ẹran, ẹ ti kọjá àyè ẹ̀ nìyẹn, ẹ rọ ariwo náà sílẹ̀. Kíkọ ẹran yẹn ni mo fi ń díwọ̀n gbogbo nǹkan, nílé àti níta: ọmọ ajá tó fẹ́ràn ẹran tẹ́lẹ̀ tó wá ń wò ó bí ẹni tí ò rí i, ẹ̀rù ti kún inú ẹ̀, kò sí ẹ̀kọ́ tó lè wọlé mọ́, ẹ kúrò níbẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn.

Wọ́n tún máa ń sọ pé tí ẹ̀rù bá ba ajá tẹ́ ẹ bá tù ú nínú, ẹ ti ń kọ́ ọ láti máa ṣe ojo. Irọ́ ni. Ẹ̀rù kì í ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe láti gbowó ọ̀yà, ohun tó ń ṣe é nínú ni. Tó bá sá wá bá yín, ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ta á nù nígbà yẹn ti sọ fún un pé kò síbi ààbò kankan láyé nìyẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé dókítà ẹranko ní kí àwọn má gbé e jáde títí tó fi máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tán. Ọ̀rọ̀ gidi ni, àrùn parvo ń pa ọmọ ajá, ó máa ń bá ìgbẹ́ ajá tó ń ṣàìsàn jáde, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Abẹ́rẹ́ yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á máa gún un ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì sí mẹ́rin-mẹ́rin títí tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ 16 ó kéré tán. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ dúró dé ìgbà yẹn, ìgbà tí mo sọ lókè pé ọpọlọ ẹ̀ ṣí sílẹ̀ yẹn ti kọjá. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwà ẹranko, AVSAB, fi gbé ìwé jáde ní 2008 pé kí wọ́n ti máa fi èèyàn àti nǹkan tuntun hàn án kó tó gba gbogbo abẹ́rẹ́ ẹ̀ tán, pé ọmọ ajá lè bẹ̀rẹ̀ kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ajá láti ọ̀sẹ̀ 7 sí 8, tó bá ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ó kéré tán ọjọ́ 7 ṣáájú. Wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwà ló ń pa ajá tí ò tíì pé ọdún 3 jù, kì í ṣe àrùn àkóràn.

Ó ṣáà níbi téèyàn lè gbà. Ẹ gbé e sáyà tàbí sínú báàgì tí ẹnu ẹ̀ ṣí, kẹ́ ẹ jókòó síbì kan tí èèyàn ò pọ̀ jù, kó máa wo ayé láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ jọ jókòó nínú ẹ̀. Gbígbé yìí yàtọ̀ sí èyí tí mo bú lẹ́ẹ̀kan o, torí pé kò sẹ́ni tó ń wá fọwọ́ kàn án, tó bá sì ti ń jà láti bọ́ sílẹ̀ ẹ ti ń lọ sílé nìyẹn. Jẹ́ kó rí onírùngbọ̀n, ẹni tó dé fìlà, ẹni tó wọ jígí, ẹni tó ń ti ọ̀pá, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, ọmọdé tó ń sáré, agbòjò tó ń ṣí lójijì, àtẹ̀gùn, ilẹ̀ tó ń dán, koríko, ìgbálẹ̀. Ẹ má kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ dákun. Ojúmọ́ kan, nǹkan tuntun kan tàbí méjì, kó sì tètè parí nígbà tí inú ẹ̀ ṣì dùn.

Ajá bíi tiẹ̀ náà ńkọ́? Àgbà ajá kan tára ẹ̀ balẹ̀, tó ti gba abẹ́rẹ́, tí kì í yájú, sàn ju ọmọ ajá mẹ́wàá tó máa dà bo ó lọ. Ibi tí wọ́n ti ń tú oríṣiríṣi ajá sílẹ̀ kí wọ́n máa lé ara wọn kiri, kò yẹ ọmọ ajá tó ń bẹ̀rù rárá.

Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí dókítà wò ó, torí pé ajá tí nǹkan ń dùn lára tàbí tí ò gbọ́ràn dáadáa máa ń sá féèyàn bíi ti ojo. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ò ṣeé fi ṣeré, bí ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n sábà máa ń gún un. Ajá tó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, kékeré ni o, ńlá ni o, kẹ́ ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú egbò yẹn fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn tí ajá wọn ti kọjá oṣù mẹ́rin, ẹ má rò pé mo ti pa yín tì. Ọ̀nà kan náà ni, ó kàn máa pẹ́ ni, ó sì lè má di ajá tó ń bá gbogbo ayé ṣọ̀rẹ́ láéláé. Ṣé dandan ni? Tó bá lè rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlejò kó sì lọ sùn síbi tiẹ̀, ó ti tó lójú tèmi. Ẹ má fòyà tí ẹ̀rù bá tún padà nígbà tó bá ń bàlágà, láti bí oṣù 6 lọ, ẹ padà sórí àwọn nǹkan kéékèèké yẹn.

Ó kù ẹnì kan tí mi ò tíì bá wí, ẹni tó bí wọn sílé tó sì ń tà wọ́n. Láti ọ̀sẹ̀ 3 dé 8, ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n wà, ìyẹn ni pé bí ìdajì ìgbà tí mò ń sọ yìí ti lọ kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ ajá délé. Tó bá tì wọ́n mọ́ yàrá ẹ̀yìnkùlé tí ò séèyàn, gbèsè ló tà fún yín. Ẹ̀rù tún máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀, ìyá ajá tó jẹ́ ojo sábà máa ń bí ọmọ tó jẹ́ ojo, nítorí náà kẹ́ ẹ má tètè sọ pé wọ́n ti ń lù ú níbi tó ti wá, ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fìyà jẹ ẹ́, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó yà sọ́dọ̀ ẹ̀ rárá. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ wo ìyá ẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ wo bó ṣe ń ṣe sí ẹ̀yin tó jẹ́ àlejò, kẹ́ ẹ béèrè ẹni tó ń gbé àwọn ọmọ náà lójoojúmọ́ àti ibi tí wọ́n ń sùn sí. Ẹni tí ò bá lè dáhùn tàbí tó bá ní ìyá ò sí nítòsí, ẹ fi ọmọ ajá ẹ̀ sílẹ̀ fún un. Mo sì ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin olóòtú, tẹ́ ẹ bá tún gba ìpolówó ọmọ ajá sínú ìwé ìròyìn yín, ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ orí ẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ sábẹ́ fọ́tò yẹn.

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó ń sin ajá, tó sì ń ka ìwé ìròyìn yín